Ta Ló Ni Pàǹtí Ọ́fíìsì?

Bí ènìyàn bá yà sí ẹkù epo kan ní agbègbè Ìlá Ọ̀ràngún, ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, lásìkò tí ẹyìn bá pọ́n, òkìtì ló máa kọ́kọ́ rí kó tó rí epo. Ìdì ẹyìn tí wọ́n ti ṣẹ́ ọmọ kúrò lára rẹ̀ wà lọ́tọ̀, ògùṣọ̀ tí epo ṣì ń dán lára rẹ̀ wà lọ́tọ̀, èkùrọ́ tí wọ́n sá sóòrùn wà lọ́tọ̀. Ẹni tí kò mọ iṣẹ́ náà á ní ààtàn lòun já sí. Ṣùgbọ́n kó sáà fọwọ́ kan ọ̀kan nínú àwọn òkìtì yẹn bí ẹni tó fẹ́ gbé e lọ. Lójú ẹsẹ̀ ni màmá kan máa yọjú láti ẹ̀yìn dúrọ́ọ̀mù: "Ọmọ mi, rọra o, ó ní olóhun."

Òótọ́ ni màmá sọ. Abẹ́ dúrọ́ọ̀mù ni ògùṣọ̀ ń padà sí láti fi se ẹyìn ọjọ́ kejì. Epo tó kù lára rẹ̀ kì í jẹ́ kí iná kú, kódà bí òjò bá ti pa igi. Èkùrọ́ ń lọ sọ́wọ́ àwọn tó ń pa á. Ọmọ inú rẹ̀ ni wọ́n fi ń se àdín, èyí tó sì ṣẹ́ kù lẹ́yìn tí wọ́n bá ti fún àdín kúrò lára rẹ̀ di oúnjẹ ẹlẹ́dẹ̀ àti adìyẹ. Èèpo rẹ̀ ń lọ sílé alágbẹ̀dẹ, torí iná rẹ̀ mú, kì í sì í tètè jó tán. Irú èèpo yìí kan náà ni àwọn ilé iṣẹ́ mànàmáná ní Japan ń fi ọkọ̀ ojú omi kó wọlé láti Indonesia àti Malaysia lónìí, tí wọ́n fi ń dáná dípò èédú. Ìdì òfìfo ńkọ́? Wọ́n á sun ún di eérú, wọ́n á fi omi sẹ́ eérú náà, omi yẹn àti àdín ló ń di ọṣẹ dúdú. Èyí tí wọn ò bá rí sun, tí òjò pa dáadáa, olú á hù lórí rẹ̀, ọbẹ̀ dé nìyẹn.

Ẹ jẹ́ ká fi ìwọ̀n sọ ọ́. Bí ilé iṣẹ́ epo ìgbàlódé bá ra ẹyìn tìdìtìdì tó wọn 100 kìlò, epo tó máa rí fún kì í sábà ju 20 sí 22 kìlò lọ. Ìdì òfìfo nìkan á wọn tó bẹ́ẹ̀. Ògùṣọ̀ á tó kìlò 13, èèpo èkùrọ́ á wà láàárín 5 sí 7. Ọ̀pẹ ìbílẹ̀ tiwa, tí èèpo èkùrọ́ rẹ̀ nípọn, epo tirẹ̀ tún kéré sí i, èèpo rẹ̀ sì pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ohun tó ń ṣẹ́ kù lọ́wọ́ elépo pọ̀ ju epo tó tìtorí rẹ̀ jáde nílé lọ. Nàìjíríà ló sì ń ṣíwájú gbogbo ayé nínú epo pupa títí di àárín àwọn ọdún 1960, kí Malaysia tó gbà á lọ́wọ́ wa. Òkìtì ìdì ẹyìn ì bá ti bo àwọn ìlú ọlọ́pẹ mọ́lẹ̀ tipẹ́ bí kò bá sí ẹni tó ń wá kó o.

Bẹ́ẹ̀ náà ni lọ́dọ̀ àwọn agbẹ́gilére. Ìlá ni ìlú àwọn Fákẹ́yẹ, ìdílé agbẹ́gilére. Ibẹ̀ ni wọ́n bí Lamidi Fákẹ́yẹ sí ní 1928, ẹni tó wá bá agbẹ́gilére Bandele ọmọ Àrẹ̀ógún ṣiṣẹ́ níbi tí Fadá Kevin Carroll ti kó àwọn oníṣẹ́ ọnà jọ ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì, tó sì di ẹni tí gbogbo ayé mọ̀ kó tó dágbére fáyé ní 2009. Ìpele mẹ́rin ni àwọn àgbà ka iṣẹ́ náà sí: ọnà lílé, alétúnlé, dídán àti fínfín. Èérún tó bọ́ níbi ọnà lílé tó igi ìdáná. Ti dídán kò ju ohun tí wọ́n fi ń ṣáná lọ. Kí sáńdípépà tó dé, ewé ìpín ni wọ́n fi ń ha ojú igi títí á fi jọ̀lọ̀, bí ẹnu ewé bá sì kú, ilẹ̀ ló ń padà sí. Ẹni tó ń gbá ilé agbẹ́gilére mọ ibi tí gbogbo rẹ̀ ń lọ: ìdí ààrò.

Àmọ́ ẹ má jẹ́ ká pọ́n ẹkù ju bó ṣe yẹ lọ. Ohun kan wà níbẹ̀ tí kò ní olóhun, omi sì ni. Ilé iṣẹ́ epo ńlá ń lo omi tó tọ́ọ̀nù 5 sí 7.5 kó tó rí tọ́ọ̀nù epo kan, èyí tó ju ìdajì lọ nínú rẹ̀ ló sì ń jáde ní omi pípọ́n tó ki, tó kún fún ẹrẹ̀ ẹyìn àti epo tó sá mọ́ wọn lọ́wọ́. Ẹkù abúlé náà ní tirẹ̀. Bí wọ́n bá dà á sílẹ̀, inú odò ló ń ṣàn lọ. Ẹja inú odò á wá èémí tì, omi á máa rùn, ẹni tó ń pọn omi nísàlẹ̀ ló máa jẹ ìyà iṣẹ́ tí wọ́n ṣe lókè. Kò sẹ́ni tó ń ra omi yìí, kò sẹ́ni tó ń tọrọ rẹ̀, nítorí náà kò sẹ́ni tó ń béèrè ibi tí wọ́n dà á sí. Ní Malaysia, ìgbà tí wọ́n rí i pé gáàsì tó ń jáde lára omi náà ṣeé fi tanná ni àwọn ilé iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í bo ojú adágún tí wọ́n ń da omi náà sí, kí gáàsì má bàa sá lọ.

Ẹkù kan náà ni o, ọwọ́ kan náà ló ń ṣe é. Ohun tó ní olóhun kò di pàǹtí, èyí tí kò ní ló ba odò jẹ́. Àwọn kan fẹ́ràn láti máa sọ pé àwọn baba ńlá wa mọ́ tónítóní jù wá lọ, pé ọ̀làjú ló sọ wá di onídọ̀tí. Èmi ò rò bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ń dúró de ìyókù ni wọ́n ní, tí ọ̀pọ̀ nínú wa kò ní mọ́.

Ojú yìí ni mo fẹ́ ká fi wo ọ́fíìsì, torí pé Ìlá àti àwọn ìlú Ìgbómìnà tó yí i ká kì í ṣe ibi tí ọ́fíìsì ṣàjèjì sí. Sẹkitéríàtì ìjọba ìbílẹ̀ wà ní Ìlá, ti Ìfẹ́dayọ̀ wà ní Òkè-Ìlá. Kọ́lẹ́ẹ̀jì tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn olùkọ́ ti wà ní Ìlá láti 1979, nígbà tí Ọ̀ṣun ṣì wà lára Ọ̀yọ́. Yunifásítì ìjọba àpapọ̀ fún ìmọ̀ ìlera ti wá kún un. Ọmọ Ìlá ni Olóyè Bísí Àkàndé, tó ṣe gómìnà Ọ̀ṣun láti 1999 sí 2003. Ẹ wá fi báńkì, ilé ẹjọ́, ọsibítù àti ilé ẹ̀kọ́ kún un. Fáìlì àti bírò ló ń bọ́ ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilé níbẹ̀ báyìí.

Wọ inú ọ́fíìsì kan, kí o wo abẹ́ tábìlì. Agbọ̀n kan ṣoṣo ló máa ń wà níbẹ̀. Láàárọ̀, mẹ́mò tí wọ́n tẹ̀ tí kò dára ló kọ́kọ́ wọ inú rẹ̀. Ọ̀rá píọ̀ wọ́tà tẹ̀ lé e, pẹ̀lú ìwọ̀nba omi tó kù ní igun rẹ̀. Lọ́sàn-án, ike tékáwèé dé, ìrẹsì díẹ̀ àti ata ṣì wà nídìí rẹ̀, èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ bá a wọlé. Ẹnì kan ju bátìrì rìmóòtù sí i. Nígbà tí agbálẹ̀ bá fi máa dé, pépà tó ṣeé tà ti mu ọbẹ̀ yó, èèpo tó yẹ kó jẹrà ti wé mọ́ ọ̀rá. Àpò kan ló ń da gbogbo rẹ̀ sí, ẹ̀yìn ilé ló ń gbé e lọ, ó ṣáná sí i. Èéfín ike tó ń jó yẹn ní májèlé nínú, ojú fèrèsé àwọn òṣìṣẹ́ kan náà ló sì ń gbà padà wọlé. Inú agbọ̀n ni gbogbo nǹkan yẹn ti sọ olóhun wọn nù. Bó bá ti di ẹ̀yìn ilé, ọ̀rọ̀ ti bọ́.

Pépà ni n ó pẹ́ lórí rẹ̀, torí pé òun nìkan ni ìlú ti bá ọ́fíìsì wá olóhun fún láìgbàṣẹ. Gbogbo wa la ti jẹ àkàrà tí wọ́n fi ìwé ìdánwò dì. Mo ti rí ẹ̀pà tí wọ́n fi ìwé owó oṣù wé. Ìyá alákàrà ní mẹ́sẹ́ńjà tirẹ̀ ní ọ́fíìsì, bí wọ́n sì ṣe ń sọ ọ́ nìyí:

"Bọ̀dá mi, ẹ ò bá mi mú pépà wá lónìí?"

"Ẹ ṣe sùúrù, Ìyá, ọ̀gá ò tíì relé."

Ẹ má rẹ́rìn-ín. Nínú gbogbo ohun tó ń jáde ní ọ́fíìsì, èyí nìkan ni ẹnì kan ń dúró dè. Ṣùgbọ́n àléébù rẹ̀ méjì ni. Èkíní, íńkì kì í ṣe oúnjẹ, òróró gbígbóná sì máa ń fà á kúrò lára ìwé wá sára àkàrà. Ẹ̀pà tí wọn ò tíì bó kò burú tó bẹ́ẹ̀, èèpo rẹ̀ ń gbà á lọ́wọ́ íńkì. Èkejì, ìwé tí orúkọ ènìyàn, àìsàn rẹ̀ tàbí nọ́ńbà báńkì rẹ̀ bá wà lára rẹ̀ kò yẹ kó dé ọjà rárá. Láti ọjọ́ 12 oṣù Kẹfà ọdún 2023 ni òfin tó ń dáàbò bo ìsọfúnni ara ẹni ti di òfin ní Nàìjíríà. Ẹni tó bá rí èsì àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lára ẹ̀pà ti ní ẹjọ́ lọ́wọ́.

Bí wọn ò bá dà á pọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, pépà rọrùn láti yanjú. Èyí tí wọ́n tẹ̀ lójú kan, ẹ̀yìn rẹ̀ ṣì wúlò fún rọ́ọ̀fù. Àwọn tíṣà àtijọ́ kò mọ ọ̀nà mìíràn. Èyí tó ní orúkọ lára, kí wọ́n gé e wẹ́wẹ́. Wẹ́wẹ́ yẹn ní olóhun tirẹ̀: àwọn aládìyẹ lè tẹ́ ẹ sílẹ̀ fún adìyẹ dípò lẹ́búlẹ́bú igi, bó bá sì ti gba ìgbẹ́ adìyẹ tán, ajílẹ̀ ni. Ìyókù, kí wọ́n tà á fún àwọn tó ń ra pépà àlòkù.

Àwọn kan á ní kí a má lo pépà mọ́ ni. Ọ̀ṣun ti gbé ìgbésẹ̀ yẹn rí: ní 2013, lásìkò Gómìnà Raufu Arẹ́gbẹ́ṣọlá, ìjọba kó Ọ̀pọ́n Ìmọ̀ fún àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama, ẹ̀rọ pẹlẹbẹ kan tí ìwé ẹ̀kọ́ wọn wà nínú rẹ̀. Èrò náà wú mi lórí nígbà náà, ó ṣì ń wú mi lórí. Ṣùgbọ́n ìwé tó bá gbó, ewúrẹ́ lè jẹ ẹ́. Ẹ̀rọ tí bátìrì rẹ̀ kú ńkọ́? Ní 2022, tọ́ọ̀nù mílíọ̀nù 62 ni ẹ̀rọ àlòpatì tí ayé kó jọ, kò sì tó ìdá mẹ́rin rẹ̀ tí wọ́n rí gbà padà lọ́nà tó tọ́. Tiwa pọ̀ nínú yàrá tí wọ́n ń tì pa lẹ́yìn ọ́fíìsì. Ẹ ti rí yàrá yẹn rí: kọ̀ǹpútà tí ojú rẹ̀ fẹ̀ bí àpótí, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé mẹ́ta, fáànù tí kò lápá, eruku. Ohun ìjọba ni, kò sí ẹni tó gbọ́dọ̀ tà á tàbí dà á nù àfi bí ìgbìmọ̀ tí wọ́n yàn láti yẹ àlòkù wò bá jókòó lé e lórí. Ìgbìmọ̀ ò jókòó, ọ̀gá gba ìgbéga lọ, ọ̀gá mìíràn dé, ó tún fi tirẹ̀ kún un. Àwọn tó ń ra irin àlòkù ń kọjá lójú títì lójoojúmọ́, wọ́n sì mọ iye tí bàbà inú wáyà ń pa. Ohun tí gbogbo ìlú ni, kò sẹ́ni tó lè fọwọ́ kàn án. Òfin yẹn dára láti fi dènà olè, ṣùgbọ́n kí wọ́n fi ọjọ́ sí i: kí ìgbìmọ̀ máa jókòó lọ́dọọdún, bí wọ́n ṣe ń ka owó.

Ọ̀rá ló le jù. Bí mo bá sọ pé kí Ìlá máa kó ọ̀rá píọ̀ wọ́tà jọ fún àtúnlò, mo ń tan ara mi jẹ. Ní Èkó, ilé iṣẹ́ Wecyclers ti ń gba ọ̀rá àti ike lọ́wọ́ àwọn ará àdúgbò láti 2012, torí pé àwọn tó ń yọ́ ọ wà nítòsí. Láti Ìlá, ọ̀rá tó kún ọkọ̀ kò wúwo, owó ọkọ̀ rẹ̀ á sì ju owó rẹ̀ lọ. Olóhun rẹ̀ jìnnà jù. Ohun tó sì kù fún ìlú bíi tiwa ni kí ọ́fíìsì má gbé e wọlé rárá. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2024, Ìgbìmọ̀ Aláṣẹ Ìjọba Àpapọ̀ fòfin de ike àti ọ̀rá àlòjùnù ní àwọn ilé iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀. Èkó ti ṣíwájú wọn ní oṣù Kìíní ọdún yẹn, nígbà tí wọ́n fòfin de fọ́ọ̀mù funfun tí wọ́n fi ń di oúnjẹ. Òfin Àbújá kò kan sẹkitéríàtì ìjọba ìbílẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe òfin ló yẹ kó kọ́ wa ní àmù. Nígbà kan, àmù omi ló ń dúró ní igun kíláàsì àti kọ́ọ̀tù, ife sì wà lórí rẹ̀. Ife yẹn ni àléébù rẹ̀, torí ẹnu gbogbo ayé ló ń kàn án. Lónìí tí òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan lè gbé ife tirẹ̀ wá láti ilé, kí kúlà ńlá kan tó ní ẹnu ẹ̀rọ sì wà níbi ìpàdé, mi ò mọ ohun tí ìpàdé èèyàn 40 fẹ́ fi àpò píọ̀ wọ́tà ṣe.

Oúnjẹ ò ṣòro. Ewúrẹ́ ni akólẹ̀ àkọ́kọ́ ní gbogbo ìlú Yorùbá, kò sì gba owó oṣù rí. Èèpo iṣu, èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti àjẹkù, bí wọn ò bá ti bá ike pàdé, ẹnì kan ládùúgbò á wá gbé e. Bó bá pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, bíi ti ilé oúnjẹ kọ́lẹ́ẹ̀jì, àpẹẹrẹ wà ní Ìbàdàn: ilé iṣẹ́ Pacesetter ní Bódìjà, tí wọ́n dá sílẹ̀ láti máa sọ pàǹtí ọjà di ajílẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n Sridhar ti Yunifásítì Ìbàdàn kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yẹn kú fún ọ̀pọ̀ ọdún. Bí wọ́n bá bu ọbẹ̀ sínú abọ́, tí wọ́n sì fi ewé pọ́n ẹ̀kọ àti mọ́ín-mọ́ín, ewúrẹ́ náà ló máa jẹ ewé yẹn.

Ní ti fífi iná mànàmáná ṣòfò, kò nílò ìwàásù mọ́. Láti ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023 tí Ààrẹ Tinubu kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ti tán, lítà epo tí wọ́n ń dà sí jẹnẹrétọ̀, tó wà lábẹ́ ₦200, ti kọjá ₦1,000 kó tó di ìparí 2024. Àwọn tí kì í pa fáànù tẹ́lẹ̀ ti ń pa á.

Ibi tó ń dẹ́rù bà mí ni ọsibítù, pàápàá báyìí tí ìmọ̀ ìlera fẹ́ di iṣẹ́ ńlá ní Ìlá. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé nǹkan bí 85 nínú 100 pàǹtí ilé ìwòsàn ló jẹ́ pàǹtí lásán: pépà, páálí, oúnjẹ. 15 tó kù ló léwu: abẹ́rẹ́, òwú ẹlẹ́jẹ̀, oògùn tó ti bàjẹ́. Bí 15 yẹn bá wọ inú àpò kan náà pẹ̀lú 85, gbogbo 100 ti di eléwu, iná tó máa jó o á náni lówó, ewúrẹ́ àti ìyá alákàrà kò sì gbọ́dọ̀ sún mọ́ ọn mọ́. Àpò yẹ́lò fún eléwu, àpò dúdú fún ìyókù, àpótí líle fún abẹ́rẹ́: ìwé ìlànà ti sọ ọ́ tipẹ́. Níbi tí nọ́ọ̀sì dúró sí nígbà tó yọ abẹ́rẹ́ ni kí wọ́n ti yà á sọ́tọ̀. Bó bá ti kúrò níbẹ̀, ó ti pẹ́ jù.

Gbogbo ọ̀nà yìí, ọwọ́ ẹnì kan ló já sí, agbálẹ̀. Òun nìkan ló ń fọwọ́ kan gbogbo ohun tí ọ́fíìsì jù nù, òun sì ni owó oṣù rẹ̀ kéré jù. Wọ́n ń kọ́ ọ̀gá ní sẹ́mínà nípa àyíká, wọn kì í pe agbálẹ̀ síbẹ̀. Èrò mi ni pé kí ọ́fíìsì kọ lẹ́tà kan, kí akọ̀wé àgbà fọwọ́ sí i, kí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri: pépà àlòkù, páálí, agolo àti ìgò tó bá jáde ní ilé yìí, ti àwọn agbálẹ̀ ni, kí wọ́n tà á, kí wọ́n gba owó rẹ̀. Kí ọ́fíìsì ra àpò mẹ́ta fún wọn àti ìbọ̀wọ́. Ẹ wò ó bóyá agbálẹ̀ á tún jẹ́ kí kíláàkì da ọbẹ̀ sórí pépà rẹ̀.

Mo mọ ohun tí ọ̀gá máa sọ: wọ́n á máa kó fáìlì tó ṣì wúlò lọ tà. Ẹ̀rù yẹn tọ́. Ìdí nìyẹn tí ọ́fíìsì fi gbọ́dọ̀ fúnra rẹ̀ gé ohunkóhun tó bá ní orúkọ lára kó tó dé ọwọ́ agbálẹ̀, tí kíláàkì kan á sì máa fọwọ́ sí ohun tó bá jáde. Ọ̀gá kejì á ní kí owó náà wá sínú àpò ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́, kí wọ́n lè fi ṣe àríyá ìparí ọdún. Ẹ má gbà fún un. Lọ́jọ́ tí owó pépà bá ti di ti ẹgbẹ́, àpò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta á tún di ẹyọ kan.